Aṣọ Funfun Tí Kò Wọ Pápá

Ẹ̀yin ará kúlóòsì wa, mo kí yín o. Bí Àǹtí Dorothy, akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, bá ti ń ka ìwé yìí sókè, á jẹ́ pé ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ nìyẹn, pé ojú gbogbo yín ni òun yóò ti ṣí i, òun kò ní dá a kà nílé. Mo bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí mo mọ̀ wá. Ẹ ó ní kí a bo bàbá láṣìírí, pé bàbá ti dàgbà, pé bàbá ń ṣàìsàn. Ẹ má bò mí láṣìírí. Mo ti fi ọwọ́ ara mi bo ara mi láṣìírí fún gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹlòmíràn ló sì ń gba ìtìjú tó yẹ kí n gbà. Mo gbọ́ pé ìpàdé òní lẹ fẹ́ fi pinnu bóyá kí a tún máa yin fáyàwọ́ọ̀kì ní pápá wa bí ọdún tuntun bá dé. Kí ẹ tó nawọ́ sókè fún bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ẹni tó fọ́ ojú Mọ́mì Dennis. Kì í ṣe Dennis. Èmi Akínfẹ́nwá ni. Bí mo ṣe ṣe é, àti ohun tí mo wá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ tó burú ju ìyẹn lọ, ni mo fẹ́ sọ.

Kíndìnrín mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ mi, dókítà sì ti bá mi sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin ṣe ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè káàánú mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ìbẹ̀rù ikú wà nínú ìjẹ́wọ́ yìí, pé kì í ṣe ìwà rere nìkan ló ń tì mí. Ká ní ara mi dá ṣáṣá ni, bóyá n bá ṣì dákẹ́. Ìyìn ọmọ mi ló jókòó tì mí tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Kò tíì mọ bí gbogbo ẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó rò pé ìmọ̀ràn lórí ààbò ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé lè má mọ̀ mí ju bàbá tó máa ń jókòó sí bákónì lọ. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbáko nídìí fáìlì. Ẹni tó bá bá fáìlì gbé tó bẹ́ẹ̀, òfin á máa dùn mọ́ ọn. Nígbà tí fáyàwọ́ọ̀kì kan tí ẹnì kan yìn látinú ìgò bíà kọrí sí wíńdò Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé, alága wa, tó jó kọ́tìnì pálọ̀ wọn láti òkè délẹ̀, èmi ni mo dìde nípàdé tí mo ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká ní òfin. Mo kọ ọ́ ní ojú ewé mẹ́ta, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Mo ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ju báńgà ẹyọ kan láàárín ilé mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún la ó máa ṣe é, aago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún, ní pápá nìkan, nígbà tí a bá ti gba ìwé àṣẹ tí àwọn ọlọ́pàá sì ti gbọ́ sí i. Ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ni yóò ṣáná sí i, kò sì gbọ́dọ̀ tíì fi ọtí kan ẹnu lọ́jọ́ náà. Òǹwòran á dúró sẹ́yìn okùn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn á wà nílẹ̀. Èyí tí kò bá bú, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí a da omi lé e, kí a rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì di ọjọ́ kejì. Òfin tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ràn jù, bírò pupa ni mo fi fàlà sábẹ́ ẹ̀. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá ààbò yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin pápá náà láti ìdí máńgòrò dé ògiri ẹ̀yìn, yóò sì buwọ́ lu ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó gbálẹ̀ níbẹ̀ tàbí kó dáná sun ìdọ̀tí. Ta ni ọ̀gá ààbò? Èmi náà ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń pè mí ní Dádì Òfin, wọ́n rò pé èébú ni. Inú mi ń dùn sí i.

Mọ́mì Dennis, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rosaline, ló ń gbé fúláàtì ìsàlẹ̀ nílé wa. Mo jù ú lọ ní ọdún méjìlá, ṣùgbọ́n "ẹ" la jọ máa ń pe ara wa. Opó ni, télọ̀ ni. Gbogbo aṣọ tí kọ́áyà ṣọ́ọ̀ṣì wa ń wọ̀, òun ló rán an. Láràárọ̀ ló máa ń gbálẹ̀ láti iwájú ilé dé etí pápá, kì í dúró de ẹni tí a gbà síṣẹ́. Ó ní òun ò lè jókòó sídìí máṣìnì kí ojú òun máa rí ìdọ̀tí. Bó bá gbá a tán, á kó o jọ, á dáná sun ún, kó tó lọ wẹ̀. Dennis lọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tó ń yin fáyàwọ́ọ̀kì níbi ìgbéyàwó àti ayẹyẹ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Nínú gbogbo ọ̀dọ́ tó dàgbà ní kúlóòsì wa, òun nìkan ló ka ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì tún bá mi ṣe àtúnṣe méjì sí i. Nítorí náà ni mo ṣe fi í ṣe ẹni tí yóò máa ṣáná.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 bọ́ sí Sátidé. Aago méje ìrọ̀lẹ́ pé, gbogbo wa wà lẹ́yìn okùn, àwọn ọmọdé wà lọ́rùn bàbá wọn. Mẹ́rìndínlógójì ni Dennis tò sínú yanrìn. Bí ó ṣe ń yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń kà wọ́n sókè. Ó dára, mi ò ní purọ́, ó dára. Ọ̀run Festac pupa, ó wá di àwọ̀ ewé. Nígbà tó parí, táwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú ìwé mi, òógùn bo ojú ẹ̀.

"Dádì, ọ̀kan ò bú o. Mẹ́rìndínlógójì ni mo yìn, márùndínlógójì ló bú. Mo rí i tó jábọ́ sápá ògiri ẹ̀yìn lọ́hùn-ún."

Àwọn èèyàn ti wọlé lọ, èmi àti ẹ̀ nìkan la dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí òfin ṣe wí. A tan tọ́ọ̀ṣì, a wá inú koríko, koríko ìgbà ọyẹ́ tó ga dé orúnkún, a ò rí i. Dennis ní, "Dádì, ẹ jẹ́ n gbé àga wá, kí n jókòó síbí dilẹ̀ mọ́." Mo ní, "O ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe bí o ní iṣẹ́ l'Ábẹ́òkúta ní ìdájí? Lọ sùn. Òfin ti sọ ẹni tó máa wá a láàárọ̀, èmi ni." Ó ń wò mí. Ó ní, "Ẹ máa wá a ṣá, Dádì? Ẹ ò ní gbàgbé?" Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òfin tí mo fọwọ́ ara mi kọ lo fẹ́ wá kọ́ mi?" Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ kò lọ. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sínú ẹ̀: Ọ̀kan kò bú. Ó wà lápá ògiri ẹ̀yìn, nínú koríko. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbálẹ̀ níbẹ̀ títí Dádì Akínfẹ́nwá yóò fi rí i. Ó buwọ́ lù ú, ó kọ déètì àti aago. Ó wá lọ sùn, ó sì ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ rántí ohun tí ọjọ́ kejì jẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lọ́dún, ọjọ́ ìdúpẹ́. Ọjọ́ náà gan-an ni ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ fi èmi àti àwọn mẹ́rin mìíràn jẹ díákónì. Wọ́n ní ká wọ funfun láti òkè délẹ̀. Mọ́mì Dennis ló rán aṣọ mi, léèsì funfun, bùbá, ṣòkòtò àti agbádá, ó ní ẹ̀bùn òun nìyẹn, òun ò gba nǹkan kan. Aago méje àbọ̀ ni wọ́n ní ká ti dé. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ dé etí pápá, aago méje ti kọjá. Mo wo ilẹ̀. Eérú dúdú àti bébà jíjó wà káàkiri, koríko gbígbẹ tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ló wà lápá ògiri. Mo wo agbádá mi. Mo ní bí mo bá wọ inú ibí yìí, mà á jáde bíi ẹni tó lọ ta èédú.

Ẹ wo ohun tí mo wá ṣe. Mo dúró sí etí pápá, mo na ọwọ́ ọ̀tún mi sí i, mo pajú dé, mo ní, "Bàbá, mo fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo pápá yìí. Ohun ibi kan kò ní ti inú rẹ̀ jáde. Mo rìn ín já nínú ẹ̀mí." Nínú ẹ̀mí! Mo ṣe àmín, mo gbé ìwé lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, mo kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ Dennis pé a ti yẹ pápá wò, kò sí ewu, mo sì buwọ́ lù ú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ ló mú mi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìgbàgbọ́, mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Aṣọ ni. Mi ò fẹ́ kí aṣọ mi dọ̀tí.

Mo fẹ́ wọ mọ́tò ni Mọ́mì Dennis yọ láti ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti páàkì. Ó dúró, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Dádì Ìyìn! Ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ lọ gbé ni? Èmi tí mo rán an, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó máa gbayì tó báyìí." Mo ní, "Ọwọ́ yín ni, Mọ́mì, Ọlọ́run á bù kún un." Ó ní, "Ẹ gbọ́, ṣé ẹ ti rin pápá? Dennis pè mí lórí fóònù láti ojú ọ̀nà pé kí n má fọwọ́ kan ibẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá ti rìn ín. Mo kàn fẹ́ kó mọ́ kí àwọn àlejò yín tó dé ni."

Ẹ̀yin ará, ó bi mí. Ó tẹ̀lé òfin mi dé ibi tí kò sẹ́ni tó tẹ̀lé e dé rí. Ohun tó kù ni kí n sọ pé rárá o, mi ò tíì rìn ín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró kí n dé. Gbólóhùn kan péré. Mo ní, "Mo ti rìn ín, Mọ́mì. Ó mọ́. Ẹ máa gbá a." Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ rántí mi tẹ́ ẹ bá dé orí pẹpẹ." Mo wa mọ́tò lọ.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Mo ti pa fóònù mi. Ìyìn tó wà nílé ló ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní Mọ́mì Dennis gbá etí pápá, ó gbá apá ògiri, ó kó gbogbo ẹ̀ jọ sójú kan bó ṣe máa ń ṣe, koríko, bébà, páálí, àti èyí tí kò bú láàárín wọn. Ó ṣáná sí i, ó tẹ̀ ba láti fẹ́ ẹ. Ìyìn ní òun rò pé tààyà tírélà ló bẹ́ lójú títì. Nígbà tó fi máa sáré dé ìsàlẹ̀, Mọ́mì Dennis jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, kò ké. Ó kàn ń béèrè pé, "Ta ló paná? Ta ló paná?" Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án nìyẹn, ní ọwọ́ tí pásítọ̀ ń da òróró sí mi lórí. Dókítà gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú kankan kò ṣẹ́ kù, etí òsì náà sì lọ. Ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ti parẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní bí òun ṣe so ìró mọ́dìí nìkan lòun rántí.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Mo ti ilé ìwòsàn dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn mi, ó mọ́ tónítóní. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá. Mo ṣí ìwé ààbò, mo fa ojú ewé tí Dennis kọ ya, mo fa á ya jẹ́jẹ́ kí etí rẹ̀ má bàa hàn. Lórí ojú ewé mìíràn ni mo wá kọ ọ́ sí pé Dennis jábọ̀ fún mi pé mẹ́rìndínlógójì ló yìn, mẹ́rìndínlógójì ló bú, pé mo rin pápá, mi ò rí nǹkan kan. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nídìí fáìlì, mo mọ bí a ṣe ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìpàdé tí a ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà, pálọ̀ Mọ́mì Dennis la ti ṣe é, kí òun náà lè gbọ́. Ojú ẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì. Dennis dìde, ó ní, "Mo sọ fún Dádì pé ọ̀kan ò bú. Mo sọ ọ́, mo tún kọ ọ́." Mo mi orí bí àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ ń bà lọ́kàn jẹ́. Mo ní, "Dennis, mi ò bínú sí ẹ. Àṣìṣe ni, kò sẹ́ni tí kò lè ṣe é." Ó pariwo, "Ẹ ṣí ìwé! Àǹtí Dorothy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ìwé, ó wà níbẹ̀!" Àǹtí Dorothy ṣí i. Ó kà á sókè. Dennis gba ìwé náà, ó ṣí i síwá, ó ṣí i sẹ́yìn, ó wá gbójú sókè wò mí. Mi ò lè ṣàpèjúwe ojú yẹn fún yín. Kì í ṣe ìbínú. Ó dà bíi pé ó ń retí kí n sọ pé eré ni mò ń ṣe.

Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́, ó ń wá a. "Dennis mi, Dádì Díákónì ò lè parọ́ mọ́ ẹ. Òótọ́ nìkan ni kí o sọ. Mo ti dárí jì ẹ́ kí o tó sọ ọ́." Dennis dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Màámi, mo kọ ọ́." Ìyá rẹ̀ ní, "Dennis." Ó ní, "Màámi, mo kọ ọ́." Ó dìde, ó jáde, kò sì tún sùn nílé náà mọ́ títí dòní.

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́, wọ́n dá a dúró. Ẹ ti mọ ìyókù. Yàrá kan ló gbà ní Kuje ẹ̀bá Festac níbí, ó ń ta gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ní Trade Fair. Láti Kuje dé géètì wa, kẹ̀kẹ́ Márúwá kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìparí oṣù gbogbo ló máa ń wá dúró síta, á kó búrẹ́dì, mílíìkì àti oògùn ìyá rẹ̀ fún ọlọ́dẹ. Ìyá rẹ̀ á sì ní kí wọ́n dá a padà. Ó ní, "Òótọ́ ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, kì í ṣe búrẹ́dì." Mo ti dúró ní bákónì mi, mo ti rí Dennis tó gbé náílọ́ọ̀nù rẹ̀ padà lọ. Ó gbójú sókè rí mi rí. Ó kí mi. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà."

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù. Èmi náà ì bá fẹ́ kó jẹ́ òun.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ka Bíbélì fún Mọ́mì Dennis ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi. Gbogbo yín ló yìn mí. Ẹ ní, irú díákónì tó yẹ ká ní rèé. Ẹ̀rí ọkàn ló ń lé mi lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ń ka Sáàmù lọ́wọ́, ó ní kí n dúró. Ó ní, "Dádì, nǹkan kan ń padà bọ̀ wá sí mi lórí. Ọjọ́ tí ojú mi lọ yẹn. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹnì kan dúró níwájú mi, aṣọ funfun ló wọ̀, gbogbo ara ẹ̀ ń tàn. Mo bi í ní nǹkan, ó sì dá mi lóhùn. Ohùn rẹ̀ tutù. Ọkàn mi wá balẹ̀. Ta ni, Dádì? Ẹ bá mi rò ó, ta ló lè jẹ́?"

Kò sẹ́lòmíràn nínú yàrá náà. Ó kọjú sí mi, ó ń dúró. Ó jókòó ti máṣìnì ìránṣọ rẹ̀ tí wọ́n ti fi aṣọ bò. Ìbéèrè rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ìjẹ́wọ́ sílẹ̀ fún mi gbayawu. Mo ní, "Mọ́mì, áńgẹ́lì ni. Áńgẹ́lì ló dúró tì yín, òun ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ kú."

Ìyìn ti dẹ́kun títẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí kíṣìnì, mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà nínú sínkì, mi ò sì gbọ́ kó fọ nǹkan kan. Òun àti Dennis jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ti padà dé báyìí. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ máa sọ ọ́ lọ."

Mọ́mì Dennis gba áńgẹ́lì náà gbọ́. Kí ló máa ṣe? Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó ní kí wọ́n mú òun lọ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó sọ bí áńgẹ́lì aláṣọ funfun ṣe wá bá òun láàárọ̀ ọjọ́ ewu, tó fi òun lọ́kàn balẹ̀. Ìjọ hó yèè, wọ́n ń ké halelúyà. Orí àga àwọn díákónì ni mo wà. Mo dìde pẹ̀lú àwọn yòókù, mo pàtẹ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ yìí ni Mọ́mì Dennis gbọ́ pé àìsàn mi ti le. Ó ní kí Ìyìn di òun lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn wá. Ó fọwọ́ wá orí mi títí ó fi rí i, ó gbé ọwọ́ lé e, ó gbàdúrà. Ó ní, "Olúwa, áńgẹ́lì aláṣọ funfun tí ẹ rán sí mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, òun náà ni kí ẹ rán sí Dádì Díákónì." Mi ò lè ṣe àmín. Gbogbo òru yẹn ni mo fi sunkún, ẹkún tí mi ò sun nígbà tí ìyàwó mi kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní kí Ìyìn gbé kọ̀ǹpútà wá.

Ojú ewé tí mo fà ya wà nínú àpòòwé tó bá ìwé yìí wá. Mi ò jó o, mi ò tiẹ̀ mọ ìdí rẹ̀. Àǹtí Dorothy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. Ọwọ́ Dennis nìyẹn, déètì nìyẹn, aago nìyẹn. Ìbúwọ́lù mi ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Alága, Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé, mo bẹ̀ yín, kí ìpàdé tó tú, ẹ lọ sí Kuje fúnra yín, kì í ṣe kí ẹ pè é lórí fóònù. Ẹ sọ fún un pé ìwé rẹ̀ ti jáde. Mo ti kọ̀wé sí pásítọ̀ pé kí wọ́n gba oyè náà padà lọ́wọ́ mi. Aṣọ funfun náà wà nínú àpótí mi. Ẹ má fi sin mí.

Ní ti fáyàwọ́ọ̀kì, ẹ fọwọ́ sí i tàbí ẹ má fọwọ́ sí i, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí òfin mi ń pa lẹ́rìn-ín, òfin náà kò ṣẹ̀ yín. Bí ẹ bá ń ṣe é, ẹ yan ẹni tí kò bẹ̀rù kí aṣọ òun dọ̀tí, kẹ́ ẹ sì rán ẹlòmíràn tẹ̀lé e láti wò ó bó ṣe ń rìn. Ẹ gbàdúrà sí i, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà. Kí ẹ wá wọ inú koríko lọ. Ẹni tó bá sì di ipò kankan mú láàárín yín, tí ẹnì kan bi í ní ìbéèrè, kó dáhùn bó ṣe rí gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kánjú lọ sí ilé Ọlọ́run.

Dennis, ọmọ mi, mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti pè ọ́ ní ọmọ mi. O kọ ọ́. Gbogbo ayé ti gbọ́ báyìí pé o kọ ọ́. Bí o kò bá lè dárí jì mí, mi ò ní bá ọ wí. Wá sílé ṣáá, ìyá rẹ ń dúró dè ọ́.

Mọ́mì Dennis, mo ní kí Ìyìn mú yín wá jókòó síwájú, kó di ọwọ́ yín mú nígbà tí wọ́n bá ń ka ibí yìí. Ẹ bi mí lọ́jọ́ kan pé ta ló dúró níwájú yín. Kò sí áńgẹ́lì kankan ní etí pápá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Èmi ni. Léèsì tẹ́ ẹ fọwọ́ yín rán fún mi ni mo wọ̀. Ẹ bi mí bóyá mo ti rin pápá. Mi ò rìn ín, Mọ́mì. Mi ò rìn ín.